Máṣíìnì Tí Kò Mu Epo

Aṣọ ẹ̀ṣọ́ ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan àti ṣòkòtò dúdú kan ni, wọ́n fi háńgà kọ́ wọn sórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi, láàárín túùbù àtijọ́ àti ṣéènì tó ti gbó. Wọ́n ti lọ̀ wọ́n dáadáa. Ojú áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lára ṣòkòtò náà.

“Ta ló ni aṣọ yìí?” ni mo bi í.

“Tèmi ni,” ni ó dáhùn. “Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íńtáṣéènjì ló kó o fún mi. Wọ́n ní kí n wá máa ṣọ́ géètì. Ìparí oṣù yìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀, àfi tí tìrẹ yẹn bá bọ́ sí i.”

“Tìrẹ yẹn” ni alùpùpù mi tó dùbúlẹ̀ níwájú wa, tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ sínú abọ́ mẹ́ta.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn, ọ̀kadà ni mo sì fi ń sáré kiri gbogbo Rẹ́mọ. Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn aago méje àárọ̀ máa bá èèyàn mẹ́fà lórí ìlà. Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gba èrò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, àwọn onímárúwá sì ní mẹkáníìkì tiwọn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò kọ́ ti Márúwá mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ọ̀gá mi kọ́ mi. Tí mo bá ti rí ẹsẹ̀ kẹta, ṣe ló máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣìnà wọ yàrá ẹlòmíràn.”

Èmi náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó yẹ kí n ti fi alùpùpù sílẹ̀, ìròyìn ló tún kó mi sí i. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn Ìlárá Rẹ́mọ tí àwọn tó ń ṣe títì ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì fi kòtò ńlá sílẹ̀. Àwọn kan wà tó ń fi alùpùpù sáré nínú kòtò náà: àwọn olùkọ́, oníṣègùn eyín kan, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì. Alùpùpù tiwọn kì í ṣe èyí tó ń gbé èrò. Ó ga, ó fúyẹ́, eyín táyà rẹ̀ nípọn bí ọmọ ìka, wọ́n ṣe é kó lè gun òkè kó sì fò nínú ẹrẹ̀. Ojú ewé kan ni ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ ní kí n kọ nípa wọn. Wọ́n ní kí n gun ọ̀kan wò. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi máa délé, ẹrẹ̀ ti gan mọ́ irun àgbọ̀n mi, mo sì ti pinnu láti ra tèmi, tòkunbọ̀.

Mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ náà ń lò tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo dárúkọ ti Ẹ̀pẹ́ fún wọn. Olórí ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ físíìsì kan ní Ìkẹ́nnẹ́, kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́kadà ni bàbá yẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tún tiyín tò. Tó bá parí eré tó ń bọ̀ yìí láìsí wàhálà, tí mo sì rí i pé ẹ́ńjìnnì ọ̀hún gun òkè bó ṣe yẹ, gbogbo wa la máa kó tiwa lọ bá wọn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú.”

Alùpùpù méjìlá ni ẹgbẹ́ náà ní. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Mo ti jíṣẹ́ náà bí olórí ẹgbẹ́ ṣe sọ ọ́ nígbà tí mo gbé alùpùpù náà wá, mo sì tún un sọ lọ́jọ́ tí mo rí aṣọ yẹn. Mẹkáníìkì mi wo aṣọ tó wà lára ìṣó, ó wo alùpùpù, ó ní, “Ó dáa. Gbé sípáná oní-mẹ́wàá yẹn fún mi.”

Mo jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, mo sì ń kọ ohun tó ń sọ sínú ìwé, nítorí ìwà tó ti mọ́ mi lára ni. Ó pààrọ̀ ríìngì ẹ́ńjìnnì. Ó fọ fílítà, fóòmù rírọ̀ tó ń sẹ́ eruku kó má bàa wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fún un, ó sá a síbi tí oòrùn kò ti le jù, kó tó wá fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Ó fi ìka méjì wọn bí ṣéènì ṣe rọ̀ tó. Ti sípókù ló wù mí jù. Ó gbé táyà sókè, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi sípáná kékeré kan àwọn ọ̀pá tín-ín-rín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dẹ etí sílẹ̀. Èyí tó bá dún geerege, ó fi í sílẹ̀. Èyí tó bá dún bí ike, ó fún un le.

Ẹ̀ẹ̀kan la jà. Mo rí i tó ń fi rọ́bà tó gé lára túùbù wé sípíríìngì ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe máa ń wé ti ọ̀kadà kó lè le.

“Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Kó má bàa rọ̀ jù. Èèyàn mélòó ló máa ń gbé?”

“Èmi nìkan ni.”

“Ìwọ nìkan?” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Pẹ̀lú ikùn yẹn?”

Obìnrin tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, abẹ́ ìbòòji páànù ló máa ń jókòó sí, níbi tó ti ń ṣa obì tó dáa kúrò lára èyí tí kòkòrò ti jẹ. Èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló ń sọ. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ níhìn-ín lọ́nà tí gbogbo wa fi ń kàwé. Ó ní, “Akọ̀ròyìn, jẹ́ kó wé e. Èèyàn méjì ni ẹ́ o. Ìwọ àti oúnjẹ rẹ.”

Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí, àmọ́ mo rọ mẹkáníìkì títí tó fi tú rọ́bà náà kúrò. Mo ṣàlàyé fún un pé ó yẹ kí sípíríìngì rọ̀ kó lè gba ìjábọ́ nígbà tí alùpùpù bá fò. Ó gbọ́. Ó kàn ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ní kó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Kabúrétọ̀, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, nìkan ni mi ò bá a níbi tó ti ń tò ó. Mo lọ gbọ́ ẹjọ́ kan ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti tò ó tán, ó ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó tẹ alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Ó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò mì, kò rú èéfín. “Gbọ́,” ó ní. “Gbọ́ bó ṣe rọra ń mí. Máṣíìnì tí mo bá tò, kì í mu epo.”

Ẹni tí kò bá mọ Ṣàgámù ní ìgbà yẹn kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tóbi tó. Àwọn ọlọ́kadà ló fi ń yìn ín. Wọ́n máa ń ti Ìpẹ̀rú àti Ìkẹ́nnẹ́ wá bá a nítorí rẹ̀. Ní àsìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, ọ̀kadà tó bá ń mu epo kò wúlò fún ẹni tó gùn ún. Tí wọ́n bá ní, “Máṣíìnì yẹn ti di ọ̀mùtí,” ojú á ti ẹni tó ni ín. Àwọn tó bá gbé e wá fún un ní Ẹ̀pẹ́ máa ń fi ayọ̀ gbé e lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gun tèmi lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí eré wáyé nígbà tí mo gbé e lọ sínú kòtò láti dán an wò. Orí ilẹ̀ gbọọrọ, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sáré yí kòtò náà po ní ìgbà mẹ́jọ, iye tí a máa sá lọ́jọ́ eré, ìdajì táǹkì epo kò sì tán. Àmọ́ òkè kan wà ní ìparí ìyípo kọ̀ọ̀kan tí à ń pè ní Má-wẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó bá wẹ̀yìn níbẹ̀ máa yí dànù. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo iná tó bá ní. Bí mo ṣe yí ọwọ́ iná dé òpin báyìí, alùpùpù náà wúkọ́. Kò kú, àmọ́ kò lọ. Ó ń wúkọ́, ó ń yọ̀ sẹ́yìn, ó ń gbóná lábẹ́ itan mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo sì fi ẹsẹ̀ tì í dé orí òkè.

Olórí ẹgbẹ́ dúró lókè, ó káwọ́ lẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá yẹn ti rí i bó ṣe ń ṣe yìí?”

“Wọn ò tíì rí i.”

“Ẹ sọ fún wọn o.”

Mo sọ fún mẹkáníìkì mi. Kò gbà. Ó gun alùpùpù náà yí gbogbo Ẹ̀pẹ́ po, ó padà dé, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Ó ní epo tí mo rà ló dọ̀tí. A da epo náà nù, a ra òmíràn, ó ṣì ń wúkọ́. Ó ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ṣì ń wúkọ́. Ó wá ní èmi ni.

“O wúwo, Akọ̀ròyìn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.”

“Bàbá, oníṣègùn eyín wúwo jù mí lọ. Tirẹ̀ ń gun òkè náà.”

“Kí oníṣègùn eyín wá gùn ún nígbà náà.”

Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù náà títí a fi dé kòtò. Ó dúró nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú síkúrù díráfà lọ́wọ́. Mo gun òkè, ó wúkọ́. Mo tún un gùn, ó wúkọ́. Olórí ẹgbẹ́ wá bá wa, ó kí i dáadáa, ó sì tọrọ àyè láti tú púlọ́ọ̀gì. Ó fi ìka méjì mú un, ó gbé e sójú oòrùn.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà funfun bí ẹfun.

“Ẹ wò ó, sà,” ni olórí ẹgbẹ́ wí. “Tó bá jẹ́ pé epo pọ̀ jù, dúdú ni ì bá jẹ́. Tó bá ṣe déédéé, á dà bí èèpo ẹ̀pà. Tó bá funfun báyìí, ebi ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.”

“Ebi kẹ̀?” Ojú mẹkáníìkì mi le. “Ebi kì í pa máṣíìnì tí mo bá tò. Ṣe ni kì í mu epo.”

Olórí ẹgbẹ́ wò mí. Nígbà tí bàbá náà rìn lọ síbi tí alùpùpù wà, olórí ẹgbẹ́ rọra sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà ni wọ́n, mi ò fẹ́ bá wọn jiyàn. Tó bá tún ṣe báyìí lọ́jọ́ eré, mi ò lè gbé tèmi fún wọn.”

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù nígbà náà. Ìparí oṣù kò jìnnà sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó jókòó sórí táyà, tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Mi ò bá a níbẹ̀ rí kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Alùpùpù náà wà níwájú rẹ̀. Obìnrin olóbì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

“Máìgádì,” obìnrin náà pè é. Orúkọ tó ń pè é nìyẹn láti ìgbà tí aṣọ yẹn ti wà lórí ìṣó. “Kí ni olùkọ́ ní ó ṣe é?”

“Ó ní ebi ń pa á.”

“Ebi?”

“Ó ní epo kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.”

Obìnrin náà gbé obì kan sókè, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n èyí tó ti bàjẹ́. “Ṣé o ò ti fi nǹkan dí i lọ́fun bó o ṣe máa ń dí tàwọn ọlọ́kadà?”

“Kí ni mo fi dí?”

“Wáyà yẹn ńkọ́? Ṣebí ibi tí mo jókòó sí yìí ni wọ́n ti máa ń bẹ̀ ọ́. ‘Bàbá, ẹ bá mi dí i díẹ̀. Bàbá, ẹ bá mi dí i, ó ti ń mu jù.’ Ìwọ á wá fa wáyà yọ lára okùn iná, wàá ní kí n bá ọ dì í mú.”

“Ìyẹn ti ọlọ́kadà!” Ó ti ń dìde bó ṣe ń sọ ọ́. “Èyí kì í ṣe ọ̀kadà. Ti Akọ̀ròyìn ni. Mi ò lè fi sí ti Akọ̀ròyìn láéláé.”

“Tú u, ká wò ó.”

“Màmá, mo ní mi ò fi sí i!”

“Ṣé mo ní o fi sí i ni? Mo ní kó o tú u.”

Ó tú u. Ó tú kabúrétọ̀ kúrò, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó sì yọ jẹ́ẹ̀tì, ìdè kékeré kan tí ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, èyí tí epo ń gbà kọjá sínú ẹ́ńjìnnì. Ó gbé e sójú oòrùn. Mo súnmọ́ ọn. Fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo, tó tín-ín-rín ju irun lọ díẹ̀, gba inú ihò náà kọjá. Wọ́n ká orí rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn dáadáa kó má bàa yọ. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

“Ọwọ́ mi ló ṣe é,” ni mẹkáníìkì mi wí. “Èmi ò sí níbẹ̀.”

Mo kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nítorí pé nínú gbogbo ẹjọ́ tí mo ti lọ gbọ́, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó jẹ́wọ́ lọ́nà tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ti lé lógún ọdún tí kò tíì to kabúrétọ̀ kankan kó má fi fọ́nrán náà sí i. Kò sẹ́ni tó tún ń bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣe é. Epo kì í kọjá tó, ọlọ́kadà kì í sáré púpọ̀, kò sí òkè ńlá láàárín Ṣàgámù, nítorí náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀kadà tó gbé èrò lọ sí ọjà kò nílò gbogbo iná. Èyí tó ń gun Má-wẹ̀yìn nílò rẹ̀.

Ó fi eyín fa wáyà náà yọ. Nígbà tó tún tò ó padà tó sì tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó wú, ó ki, ó ń mi ilẹ̀ abẹ́ bàtà mi. Mẹkáníìkì mi fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn.

“Gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.”

“Ohun tí a fẹ́ nìyẹn, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Mo ní kó o gbọ́ ni.”

“Ọ̀mùtí ti dé,” ni obìnrin olóbì wí.

Ọjọ́bọ̀ la tó ráàyè gbé e lọ sí kòtò. Epo tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà òkè nìkan la dán wò. Mo gùn ún ní ìgbà mẹ́ta. Ó gbé mi lọ sókè bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Mo ké láti òkè, òun náà sì gbé síkúrù díráfà rẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ wà nílé ẹ̀kọ́, kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti wà níbẹ̀. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yẹ̀pẹ̀ náà rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Mẹkáníìkì mi wọ ṣòkòtò aṣọ ẹ̀ṣọ́ yẹn wá, ó ní nínú gbogbo ṣòkòtò òun, èyí nìkan ló mọ́. Ó yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà kó lè di ilẹ̀ mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo.

“Ó tó, Bàbá,” ni mo wí nígbà tó dé ìdajì táǹkì.

“Jẹ́ n kún un.”

“Rárá. Epo wúwo. Ìdajì ló gbé mi yí ìgbà mẹ́jọ lọ́jọ́sí, kò tán.”

“Ṣé kò ní tán báyìí? Ó ti ń mu o.”

“Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní mo wúwo. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwọ̀n díẹ̀ kúrò.”

Ó dé kẹ́ẹ̀gì náà. Mo yọ ìwé mi, mo kọ ohun tí a sọ sílẹ̀ nítorí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo fi ìwé náà sínú báàgì, mo dé akoto mi.

Àwa méjìlá la dúró lórí ìlà. Ní ìyípo àkọ́kọ́, mo wà ní ipò kẹsàn-án. Mi ò mọ nǹkan púpọ̀ lára eré náà ju ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi lọ àti ẹrẹ̀ tó ń ta sí mi lójú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, gbogbo ìgbà tí mo bá dé Má-wẹ̀yìn, mo ń yí ọwọ́ iná dé òpin, ẹ́ńjìnnì náà sì ń bú ramúramù, tí á gbé mi kọjá lára ẹnì kan. Oníṣègùn eyín ni mo kọ́kọ́ kọjá. Ní ìyípo kẹfà, mo ti di ẹnì kẹrin. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá nísàlẹ̀, mo ń rí mẹkáníìkì mi. Kò ṣẹ́wọ́ sí mi. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́.

Ní ìyípo kẹjọ, mo gun òkè, mo dé orí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wúkọ́. Ó wá dákẹ́.

Mo rọra yí wálẹ̀ lódìkejì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń tì í. Ibi tí wọ́n na okùn ìparí sí kò ju bí ìlà ilé mẹ́ta lọ, àmọ́ nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó jìnnà. Àwọn tí mo ti kọjá ń kọjá mi padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣègùn eyín tiẹ̀ kí mi: “Ẹ kú ìrìn o!” Ẹnì kẹwàá ni mo jẹ́. Àwọn méjì tó ṣubú nìkan ló wà lẹ́yìn mi.

Mẹkáníìkì mi sáré wá bá mi pẹ̀lú sípáná lọ́wọ́. Olórí ẹgbẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́rin márùn-ún mìíràn sì tẹ̀ lé e. Kí èmi tó yọ akoto, mo ti ń gbọ́ ohùn bàbá náà.

“Ẹ̀bi mi ni. Ẹ gbọ́, olùkọ́, ẹ̀bi mi ni. Wáyà ni mo fi sí i. Òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, ebi ló ń pa á, mo sì ń bá yín jiyàn. Èmi ni mo fi wáyà dí i lọ́fun bí ọ̀kadà. Mo ti yọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó kù. Bóyá ó ti ba nǹkan mìíràn jẹ́ nínú rẹ̀ kí n tó yọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó bi í. Fúnra rẹ̀ ló tò ó kalẹ̀ lójú gbogbo wọn. Olórí ẹgbẹ́ tẹ̀ba, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó mi alùpùpù náà sọ́tùn-ún àti sósì, ó sì fi etí sí i.

“Epo ti tán,” ó ní.

“Èmi ni mo rọ ọ́,” ni mẹkáníìkì mi wí kíákíá. “Ìyẹn náà, èmi ni.”

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Ọlọ́kadà ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ṣì ń ṣọ́ epo lò.” Mo rí i tí bàbá náà wo ṣòkòtò dúdú tó wọ̀, tí ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún.

Mo lọ síbi báàgì mi, mo mú ìwé jáde. Ọwọ́ mi dọ̀tí, àmì ìka mi ṣì wà lójú ewé náà títí di òní. Mo kà á sí wọn létí bó ṣe wà:

“Ó ní: Jẹ́ n kún un. Mo ní: Rárá. Ó ní: Ṣé kò ní tán báyìí? Ó ti ń mu o. Mo ní: Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní mo wúwo.”

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Oníṣègùn eyín rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Nítorí náà ẹ̀bi yín ni, ẹ̀gbọ́n,” ni olórí ẹgbẹ́ wí.

“Ti epo, èmi ni. Wọ́n ti sọ ti wáyà fúnra wọn.”

Olórí ẹgbẹ́ fi ìdérí táǹkì padà, ó fún un le. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo kà,” ó wí fún mẹkáníìkì mi. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló gun òkè yẹn, kò wúkọ́ nígbà kankan tí epo fi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tún tiwa ṣe tẹ́lẹ̀, epo ló máa ń dá lẹ́bi. Lẹ́yìn epo, àwa. Kò sọ fún wa rí pé òun ló ṣe nǹkan kan.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò. “Ẹ̀ ń ṣí ní ọjọ́ Ajé, sà?”

“Aago méje,” ni mẹkáníìkì mi dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, ó gbé tirẹ̀ wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Mẹ́ta ló wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, méjì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti oníṣègùn eyín sì dé gbẹ̀yìn. Àwọn tó kù ṣì ń gbé tiwọn lọ sí ibòmíràn títí di òní. Àmọ́ mẹ́fà tó. Ìyàwó mẹkáníìkì mi fọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ náà, ó lọ̀ ọ́, àmọ́ ẹrẹ̀ pupa yẹn kò kúrò lára ṣòkòtò náà pátápátá. Bàbá náà dá a padà sí ilé iṣẹ́ níbi Íńtáṣéènjì fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n wo ṣòkòtò náà, wọ́n sì bi í pé géètì wo ló ti ń ṣọ́.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn. Olórí ẹgbẹ́ gbé alùpùpù rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun yẹ kabúrétọ̀ wò. Mẹkáníìkì mi mú síkúrù díráfà, ó jókòó, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin olóbì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láti abẹ́ páànù rẹ̀, bí alùpùpù mi ṣe máa ń wúkọ́ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ bàbá náà dúró. Ó wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni tó ń wo òṣìṣẹ́ tí kò fọkàn tán, ó sì gbójú sókè.

“Olùkọ́,” ó wí, “ṣé ẹ fẹ́ kó mu, àbí ẹ ò fẹ́ kó mu?”

“Mo fẹ́ kó mu, sà.”

“Ẹ tún un sọ, kí ọwọ́ mi gbọ́.”